Orúkọ Mẹ́ta Láràárọ̀

Lẹ́yìn fèrèsé ibi tí àwọn aláìsàn ti ń gba káàdì ní ilé ìwòsàn ńlá kan, yàrá kan wà tí aláìsàn kì í wọ̀. Pẹpẹ onírin ló tò síbẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, fáìlì ló sì kún orí wọn fọ́fọ́. Àwọn kan ṣì tuntun, àwọn kan ti gbó débi pé okùn ni wọ́n fi so wọ́n. Obìnrin kan ló ń tọ́jú yàrá náà, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ nígbà tí ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá na nọ́ńbà kan sí i, kí ẹni tó nà án tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gbé fáìlì náà dé. Bí aláìsàn bá gbàgbé káàdì sílé, á wo ojú onítọ̀hún fínnífínní, á wọlé, á sì mú un jáde láìbéèrè ohunkóhun. Àǹtí Fáìlì ni tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè é.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà níbẹ̀ pé òun ti gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta tó tẹ̀léra lẹ́nu rẹ̀. Akólòlò ni. Kì í sì í ṣe ti ẹni tí ahọ́n ń kọ́ díẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Tirẹ̀ le. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti fi b tàbí k tàbí t bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á sì dúró gbọnin bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fokùn fà tó lóun ò lọ. Iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ, ojú rẹ̀ á pọ́n, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á sì máa wo bàtà ara rẹ̀. Nítorí náà, ó ti fi ọgbọ́n sí i. Ó ń mi orí, ó ń nawọ́, ó ń kọ̀wé sórí bébà pélébé tó máa ń wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ nígbà gbogbo.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe kan náà lé e kiri: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹni tó bá pa á máa ń rò pé òun ń tù ú nínú ni. Òun sì ti pe baba tipẹ́tipẹ́. Baba náà ti pè é lọ́mọ, ó ti dàgbà, ó ti kú. Èwo ló tún wá kù tí wọ́n ń dúró kó pè?

Ọkọ rẹ̀ ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní igun òpópónà kejì sílé wọn. Ẹnu ọkùnrin yìí kì í sinmi. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn lórí oníbàárà àkọ́kọ́, kó parí rẹ̀ lórí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì mọ orí tàbí ìdí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń ṣàwàdà pé nígbà tí Ẹlẹ́dàá ń pín ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ló lọ gba ti ìyàwó mọ́ tirẹ̀. Òun ló ń bá olùkọ́ ọmọ wọn sọ̀rọ̀, òun ló ń bá onílé sọ̀rọ̀, òun ló ń dá àlejò lóhùn. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Kò fẹ́ kí ojú tì í. Bó bá ti rí i tí ètè ìyàwó rẹ̀ ń gbọ̀n, á já ọ̀rọ̀ náà gbà, á bá a parí rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé kì í sábà parí rẹ̀ síbi tó yẹ.

Ọdún tí wọ́n fẹ́ kun yàrá ìgbàlejò wọn, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́dà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyàwó ti yan àwọ̀ tó fẹ́ lọ́kàn.

“B-b-bú...” ló sọ dé tí ọkọ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Búráùn! Ẹ bá wa po búráùn. Ìyàwó mi fẹ́ràn búráùn gan-an ni.”

Búlúù ló fẹ́ pè. Ó mi orí títí ọrùn fi ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọlọ́dà ti ṣí agolo. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi gbé inú yàrá tó dà bí inú páálí, tí ọkọ á sì máa nàka sí ògiri fún àlejò pé, “Ìyàwó mi ló yan àwọ̀ yẹn o. Ojú ẹ̀ mọ nǹkan tó dáa.”

Báyìí ni wọ́n wà títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ilé ìwòsàn kún ju bó ṣe máa ń kún lọ.

Ẹni tó ń pe orúkọ àwọn aláìsàn lójú fèrèsé nígbà náà ni bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ojú Fèrèsé. Ohùn ń bẹ lọ́fun bàbá yìí, ṣùgbọ́n ó máa ń kánjú. Ìlàjì orúkọ ló ń pè, á gbé ìlàjì yòókù mì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó pe orúkọ obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bó ṣe pè é, ìyá arúgbó kan ló dìde, nítorí orúkọ àwọn méjèèjì fara jọra. Ìyá arúgbó gba fáìlì ọmọbìnrin yẹn, ó wọlé sọ́dọ̀ dókítà tó ti wo aláìsàn ogójì láìtíì jókòó dáadáa, ó jáde, wọ́n sì ní kó lọ gba abẹ́rẹ́.

Nínú yàrá fáìlì, Àǹtí Fáìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú fáìlì ìyá arúgbó náà gan-an sọ́wọ́ ni. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé ẹ má ṣe gún obìnrin yìí ní irú abẹ́rẹ́ kan báyìí láé, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó wo orí bẹ́ǹṣì láti ojú fèrèsé, kò rí ìyá. Ó wo ìwé tí Bàbá Ojú Fèrèsé fi ń sàmì, ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n ní ó ti wọlé. Ọmọbìnrin yẹn sì rèé lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀rọ̀ náà yé Àǹtí Fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ju fáìlì yòókù sílẹ̀, ó sáré.

Nígbà tó dé yàrá abẹ́rẹ́, ìyá ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

“Àǹtí, kí ló dé?” ni nọ́ọ̀sì bi í.

“K-k-k-k...”

Kì í ṣe fáìlì ẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tì í, kò lọ. Ó tún un tì, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n gún ìyá yìí tán ná,” ó sì fi òwú nu apá ìyá. Ni Àǹtí Fáìlì bá fi ọwọ́ gbá tíréè àti abẹ́rẹ́ àti oògùn dà sílẹ̀ pátápátá. Ìgò fọ́ yángá. Ìyá arúgbó ké ìbòòsí, nọ́ọ̀sì pariwo, àwọn ènìyàn kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Láàrin ariwo yẹn, obìnrin náà kàn na fáìlì tó mú dání sókè, ó ń fi ìka gbá ibi yíǹkì pupa, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà á. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa apá ẹ̀wù ìyá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ìwé pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀ lórí ohun èlò tó fọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Nígbà tí àlàyé tó kọ sínú ìwé dé ọwọ́ wọn, wọ́n ya ìwé ẹ̀sùn náà, nọ́ọ̀sì àgbà sì ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni nọ́ọ̀sì àgbà. Ó dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀.

“O ṣeun o. Ẹ̀mí ènìyàn lo gbà là.” Ó wo ọwọ́ Àǹtí Fáìlì. “Ṣùgbọ́n ká ní ọwọ́ ẹ ò tó tíréè yẹn ńkọ́?”

Kò fi bú u. Ó kàn béèrè ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá Àǹtí Fáìlì délé, ó bá a jẹun, ó bá a fọ aṣọ. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ohunkóhun tó bá ń ṣe, á ṣàdédé dúró, á wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó dé ibi iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó wọ yàrá fáìlì, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa fáìlì kan yọ, ó sì dojú kọ pẹpẹ bí ẹni dojú kọ èrò. Ó fẹ́ pe orúkọ tó wà lára rẹ̀ síta. Orúkọ náà gbà á ní ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ìkejì yá díẹ̀. Ìkẹta, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mẹ́wàá ló ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe mẹ́wàá lónìí, òun ò ní padà wá lọ́la. Ó gbé fáìlì kẹta sílẹ̀, ó pinnu pé mẹ́ta tó.

Bó ṣe di òfin nìyẹn. Orúkọ mẹ́ta láràárọ̀, kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé. Bí ara rẹ̀ bá yá gágá lọ́jọ́ kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yọ wẹ́rẹ́, kò ní sọ pé ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan sí i. Bí ojú ọjọ́ bá burú tí kò lè tètè dé, kò ní sọ pé lọ́la òun á ṣe mẹ́fà. Mẹ́ta ọ̀la, ti ọ̀la ni. Inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ibi tó ń gbé àpò rẹ̀ kọ́ sí ló ti ń fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré kan lójoojúmọ́. Ẹni tó bá rí i á rò pé ọmọdé ló ń ṣeré níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló fi ọgbọ́n kan hàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹrù fáìlì wúwo láti orí pẹpẹ tó ga jù, bó sì ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹrù, orúkọ tó wà lókè yọ́ jáde pẹ̀lú èémí náà, láìdúró, láìkọ́. Ó dúró, ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tó bá owó he. Látọjọ́ náà, kò fi ipá ti ọ̀rọ̀ mọ́. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí èémí lọ ná, á wá gbé orúkọ náà lé e lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo o. Nínú mẹ́ta, ó lè gbà nínú ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ń gbà nínú méjì.

Oṣù kẹrin ni Bàbá Ojú Fèrèsé dé ibi iṣẹ́ láìní ohùn. Otútù ti mú un lọ́fun, kẹ́kẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń dún lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà béèrè pé ta ni yóò bá àwọn pe orúkọ lónìí. Kí Àǹtí Fáìlì tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ ti nà sókè.

Ó pe ẹni àkọ́kọ́, orúkọ náà jáde. Ó pe ìkejì, ó jáde. Ìkẹta fi t bẹ̀rẹ̀. Ojú ọgọ́ta ènìyàn ń wò ó, ó gbàgbé èémí, ó gbàgbé ohun gbogbo, ó fi gbogbo agbára tì í. “T-t-t-t...” Ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ni ọkùnrin kan tó fara ti ògiri bá ké jáde pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba!” Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bá a pe ìyókù.

Ilẹ̀ ì bá lanu lọ́jọ́ náà, tayọ̀tayọ̀ ni Àǹtí Fáìlì ì bá fi wọ inú rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama, gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ìyá ọ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ nílé. Onígbàjámọ̀ fò dìde.

“Ta ni ọkùnrin náà? Irú irun wo ló wà lórí ẹ̀? Mo mọ gbogbo orí tó wà ládùúgbò yìí! Bó bá jókòó sórí àga mi, àfi bí n ò bá fá a lójú kan dá ìkejì sí!”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni ọmọ wí. “Ẹ̀yin náà kì í jẹ́ kí ìyá mi parí ọ̀rọ̀.”

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ jókòó. Ó wo ògiri búráùn yẹn.

“Kí ni ìyá ẹ fẹ́ pè lọ́jọ́ tí a lọ ra ọ̀dà yìí?” ló béèrè.

“Búlúù ni, Bàbá. Gbogbo wa la mọ̀.”

Àǹtí Fáìlì ò pe orúkọ kankan fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò fa ìlà kankan. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun ti gbìyànjú, ẹni tó bá gbìyànjú ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ àkókò. Ojoojúmọ́ ló ṣì ń jí ní wákàtí kan náà, tó ń rìn ní ìrìn kan náà, tó sì ń dé ibi iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú gbogbo ènìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi jókòó síbẹ̀, tó ń wo aago. Lọ́jọ́ kọkànlá, jíjókòó náà sú u. Ó dìde láti to fáìlì tó wọ́ sórí tábìlì, ó gbé ìdì kan sọ kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀, orúkọ kan sì bá èémí náà jáde. Kò pè é. Orúkọ náà ló pe ara rẹ̀. Òun àti pẹpẹ wo ara wọn. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mú fáìlì kejì.

Nílé náà, nǹkan ti yí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan nídìí tíì. Ọkọ lanu, ojú ọmọ bá tirẹ̀. Ó fi ìkánjú wá àpò rẹ̀, ó fa òòyà tó fi ń yarun jáde, ó sì fi eyín dì í mú. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: ṣúgà ló ní kó na òun. Bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láìgba ìsinmi láti ogún ọdún, kò rọrùn fún un. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òòyà á jábọ́ tí “Ṣé ohun tí o fẹ́ sọ ni pé...” á ti jáde kó tó he é. Òòyà mẹ́rin ló ti fi eyín kán kí ọdún tó parí. Àmọ́ ó ń gbìyànjú, ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀.

Nígbà tó yá, obìnrin náà fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ mẹ́ta tó ń pè fún pẹpẹ, ó tún gbọ́dọ̀ bá ènìyàn kan tó lẹ́mìí sọ ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà lójú ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó kàn máa ń nàka ni. Báyìí, ó lóun á pè é. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó wá kàn án o: búrẹ́dì, b gan-an! Ọjọ́ àkọ́kọ́, oníbúrẹ́dì ti wé e, ó ti nà án sí i kó tó dé ìdajì. Àǹtí Fáìlì mi orí, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò gbà á.

“Àbí kì í ṣe èyí lẹ fẹ́ ni?”

Ó na ìka kan sókè pé kó dúró. Ó mí. “B-b-búrẹ́dì,” ló wí, ó sì gbà á. Ènìyàn mẹ́rin ló ti tò sí i lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn ń pòṣé. Kó tó di oṣù kan, oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn tó tò pé, “Ẹ jẹ́ kí Àǹtí pè é ná. Bí wọn ò bá pè é, wọn ò ní gbà á.”

Ọdún méjì kọjá báyìí. Ìlà pẹ́ńsù kún inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí pé lọ́jọ́ báyìí ni ahọ́n rẹ̀ tú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó kàn jẹ́ pé bébà inú àpò rẹ̀ ń pẹ́ kó tó tán.

Nígbà tí Bàbá Ojú Fèrèsé fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì àgbà ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà wá sọ fún òun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, nítorí èébú pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọpẹ́ lọ. Àǹtí Fáìlì kan ilẹ̀kùn.

“M-mo fẹ́ p-pe orúkọ,” ló wí.

Nọ́ọ̀sì àgbà yọ awò ojú rẹ̀. Kò bi í pé ṣé ó dá a lójú. “Láti ọjọ́ Ajé,” ló fi dá a lóhùn, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, àwọn aláìsàn ti kún bẹ́ǹṣì. Ó jáde sójú fèrèsé, ó gbé ìwé kalẹ̀, ó wo gbogbo wọn.

“Ẹ k-káàárọ̀ o. Akólòlò ni mí. Èmi ni mo máa p-pè yín. Bó bá há, ẹ d-dúró dè mí. Mo máa p-parí ẹ̀.”

Bàbá kan tó di ikùn mú ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Ẹ má ṣèyọnu, ọmọ mi. Níbo là ń sáré lọ? Bó bá jẹ́ pé a lè sáré ni, ṣé a máa wà níbí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì pe orúkọ àkọ́kọ́. Ó há lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó di ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dúró, ó jẹ́ kí èémí lọ, ó tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó parí ẹ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rò tẹ́lẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà dára sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí kò lè kánjú, odindi orúkọ ló ń pè, tòun ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, láìgbé ẹyọ kan mì. Ẹni tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìlàjì láti ọdún gbọ́nhan á gbọ́ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, á dìde bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Kó tó fún ẹnikẹ́ni ní fáìlì, á ní kó pe orúkọ tirẹ̀ àti ojúlé rẹ̀ fún òun, á fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, fáìlì ẹnìkan ò tíì bá ẹlòmíràn wọlé. Ìyá arúgbó ọjọ́sí wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kàn ń wu òun gbọ́ ni.

Ẹ má rò pé ahọ́n rẹ̀ ti wá dà bí omi tó ń ṣàn. Ọjọ́ burúkú ṣì ń bẹ, pàápàá bó bá rẹ̀ ẹ́ tàbí bí dókítà kan bá ń kánjú lé e lórí. Kò fi í ṣe àṣírí. Ó ṣì ń tètè dé, ó ṣì ń ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tuntun kan bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló tún kù tó ń kọ́ nígbà tó ti ń pe ọgọ́rùn-ún orúkọ lójúmọ́.

“Ọgọ́rùn-ún yẹn, t-tiyín ni,” ló dá a lóhùn. “M-mẹ́ta yìí, tèmi ni.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ń bẹ ní ìlú mìíràn tó jìnnà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti lọ síbẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá di àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Wọn ò pe ara wọn rí, nítorí fóònù ni ọ̀tá akólòlò tó burú jù. Kò rí ojú, kò rí ọwọ́, bó bá sì ti há díẹ̀, ẹni tó wà lódìkejì á rò pé ìlà ti já.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Àǹtí Fáìlì jókòó sórí àga nínú yàrá ìgbàlejò, ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn; ó rí i, ó rọra gbé ìwé náà bo ojú ara rẹ̀.

“Hẹ́lò?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Hẹ́lò? Ta nìyẹn? Ẹ fọhùn o!”

“È-è... Èmi ni, ẹ̀g-gbọ́n mi.”

Ẹ̀gbọ́n figbe ta lódìkejì.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?”

“K-kò sẹ́ni tó kú. M-mo kàn ní kí n k-kí yín ni.”

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba òun mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ti orúnkún tó ń dun ẹ̀gbọ́n, ti ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà eyín, ti aládùúgbò kan tí ajá rẹ̀ ń sùn lórí àga. Àbúrò há níbi púpọ̀, ẹ̀gbọ́n dúró dè é níbi gbogbo. Ó ti tó ìṣẹ́jú márùnlélógójì tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀ kí káàdì fóònù tó tán láàrin ọ̀rọ̀. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti tún ń dún. Ẹ̀gbọ́n ló pè padà, ó ní ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ ajá yẹn ni ìlà já sí, kí ó jọ̀ọ́ parí rẹ̀.